Àárò tó Di Orin: Láti Kétu dé Bàhíà, Láti Bàhíà Padà sí Àjàṣẹ́

 

Ìlù ayọ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nígbà ọdún. Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, bí oṣù kìíní bá dé, tí àwọn Àgùdà bá gbé Buriyan jáde fún ọdún Bonfim, orin kan máa ń wà láàárín ijó náà tí ń mú àgbà dákẹ́. Mo bi ìyá àgbà kan ohun tí orin náà ń wí. Ó ní, "Ọmọ mi, èdè Pọtogí ni. Ìyá ìyá mi ló fi kọ́ wa. N kò mọ gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí omijé wà nínú rẹ̀." Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ará Bùràsíìlì ní ọ̀rọ̀ kan, saudade. Èyí tó súnmọ́ ọn jù lọ lẹ́nu wa ni àárò. Ẹni tí àárò ń sọ kì í ṣe ẹni tí ìyà ń jẹ lásán. Ohun dídùn kan ni ó ń rántí, tí kò sí nítòsí rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ saudade ti ọ̀dọ̀ àwọn Pọtogí wá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa náà gbé àárò tiwọn dé ibẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ kó dé Bùràsíìlì. Ọdún 1850 ni ìjọba ibẹ̀ tó fòpin sí kíkó ènìyàn wọlé, ọdún 1888 ni wọ́n tó dá ẹrú sílẹ̀. Ìbànújẹ́ tí ń mú ẹrú kọ oúnjẹ títí yóò fi kú, banzo ni wọ́n ń pè é.

Ní ìlú Salvador ní Bàhíà, àwọn ilé òrìṣà wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní ti Kétu títí di òní, wọ́n sì ń pe àwọn ènìyàn wa ní Nàgó bí a ti ń pè wá níhìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé Alákétu. Ìtàn tí ilé náà ń sọ nípa ara rẹ̀ ni pé obìnrin kan tí ó wá láti ìdílé ọba Arò ní Kétu, tí wọ́n kó lẹ́rú, ni ó dá a sílẹ̀. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn.

Láti Bàhíà ni àwọn obìnrin bíi Tia Ciata ti kó lọ sí Rio. Olórìṣà ni, ó sì ń ta oúnjẹ Bàhíà lójú pópó. Agboolé rẹ̀ ni àwọn olórin ti ń pé jọ nígbà tí samba ń dìde, ní nǹkan bí ọdún 1916. Àwọn àjèjì rò pé ijó ayọ̀ nìkan ni samba. Ṣùgbọ́n ẹ wo Cartola, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ samba Mangueira sílẹ̀ ní 1928. Àkókò kan dé tí ayé gbàgbé rẹ̀, tó ń fọ ọkọ̀ kí ó lè jẹun. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó ṣe àwo orin àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní 1974. Orin rẹ̀ rọ̀, ó sì kún fún àárò, síbẹ̀ ènìyàn lè jó sí i.

Ní 1958, João Gilberto, ọmọ Bàhíà, kọ orin "Chega de Saudade" tí Tom Jobim àti Vinicius de Moraes ṣe. Àkọlé rẹ̀ ń sọ pé àárò tó gẹ́ẹ́. Kò pariwo, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lálẹ́ ni ó ń kọrin, tí gìtá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìlù samba. Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà ṣókùnkùn, ìdajì kejì sì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí olùfẹ́ rẹ̀ padà. Ní 1966, Vinicius yìí kan náà àti Baden Powell ṣe àwo orin kan tí wọ́n fi orúkọ Ṣàngó, Yemọja, Ọ̀sanyìn àti Èṣù sí àkọlé orin inú rẹ̀. Dorival Caymmi ní tirẹ̀ kọrin nípa àwọn apẹja Bàhíà tí wọ́n lọ sójú òkun tí wọn kò padà mọ́. Caymmi yìí joyè láàárín àwọn Ọbà Ṣàngó ní ilé òrìṣà Opô Afonjá; Oníkòyí ni oyè rẹ̀.

Ìjọba ológun tún dá kún àárò náà. Ní ìparí 1968, wọ́n mú Gilberto Gil àti Caetano Veloso, ọmọ Bàhíà méjèèjì. Ní 1969, wọ́n lé wọn kúrò nílùú, wọ́n sì gbé ní Lọ́ńdọ̀nù títí di 1972. Orin tí Caetano ṣe níbẹ̀, orin ẹni tí ó ń rìn nílùú onílùú ni. Ẹni tí wọ́n lé jáde yìí, Gil, ni ó padà wá di mínísítà àṣà láti 2003 sí 2008.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò sì sinmi. Ní 2017, Luedji Luna, ọmọbìnrin Salvador, gbé àwo "Um Corpo no Mundo" jáde. Ìbéèrè ọmọ Áfíríkà tí a bí sí òdìkejì òkun ló wà nínú rẹ̀: níbo ni ilé mi gan-an?

Àwa náà ní ìdáhùn díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bàhíà ní 1835, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gba òmìnira padà sí etíkun wa: Ouidah, Agoué, Àjàṣẹ́, Èkó. Àwọn ni Àgùdà. Wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn kọ́ ilé. Mọ́sáláṣí àtijọ́ Àjàṣẹ́, tí ó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, jẹ́ ẹ̀rí. Àárò Kétu ni wọ́n ń kọ lórin ní Bàhíà. Nígbà tí wọ́n délé, àárò Bàhíà ni wọ́n tún ń kọ.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi Nàgó kọrin tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ tán. Níhìn-ín, àwa ń fi Pọtogí kọrin tí a kò gbọ́ tán. Ìdajì ìtumọ̀ orin wa wà lọ́wọ́ wọn, ìdajì tiwọn wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ orin Buriyan láìṣì ń dín kù lọ́dọọdún, ohùn wọn sì ń bá wọn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin aláṣẹ ìlú àti ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Ní September 2024, orílẹ̀-èdè Benin ṣe òfin tí ó fún ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láǹfààní láti di ọmọ ìlú. Ó dára púpọ̀. Bí wọ́n bá dé, kí ni a ó fi kí wọn? Kí ọdún tí ń bọ̀ tó dé, ẹ jẹ́ kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí a pe ẹni tó gbọ́ Pọtogí kí ó bá wa túmọ̀ orin wọ̀nyí, kí a sì tọ́jú wọn síbi tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti lè gbọ́ ọ.

Ìyá mọ ibi tí omijé wà. Ó yẹ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ọdún láyé o. Àṣẹ!