Wàláà: Pátákó Igi Tó So Wá Mọ́ Àwọn Bàbá Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi gègé kọ́ ẹ̀dá ní ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ ilé kéwú ní Odò-Orò, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wọn: pé ẹ̀sìn Haúsá ni Ìsìláàmù, pé ẹni tó bá ń ké kéwú ti kọ àṣà Yorùbá sílẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ìtàn kò ní rí èsì fọ̀. Bẹ́ẹ̀ èsì náà kò jìnnà. Ó wà lára wàláà tó fara ti ògiri nílé bàbá rẹ̀ àgbà.

Ohun àtayébáyé ni wàláà. Láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà, lawh, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àlùkùránì dárúkọ rẹ̀ nínú Súrátùl Burúúj, ó sì dárúkọ àwọn wàláà tí a fún Ànábì Musa nínú Súrátùl Aʻráf. Lẹ́yìn ogun Yamamah, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó há Àlùkùránì sórí kú, Káálífà Abu Bakr pàṣẹ fún Zayd ọmọ Thabit pé kó kó o jọ. Lára imọ̀ ọ̀pẹ, òkúta pẹlẹbẹ àti nínú àyà àwọn ènìyàn ló ti kó o jọ.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn so orúkọ tí Yorùbá ń pè wá, Ìmàle, mọ́ ilẹ̀ Mali. Èyí fi hàn pé kéwú ti wà lẹ́nu Yorùbá kí ogun jìháàdì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804. Ẹ wo èdè wa: àdúrà, àlàáfíà àti ìwàásù, Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá. Àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì tí a jọ wà nínú ẹbí kan náà ní Èkìtì ń fi wọ́n sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ta ló wá ń pe ta ní àlejò?

Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil pàápàá kò fi wàláà sílẹ̀. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, èyí tí í ṣe Ìmàle wa yìí, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù January 1835, nínú oṣù Rọ̀mọ̀dáànù, wọ́n dìde sí àwọn olówó wọn ní ìlú Salvador. Apá ìjọba ká wọn. Nígbà tí wọ́n tú ilé wọn, wàláà àti ìwé tí a fi Lárúbáwá kọ ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn kan lára ìwé náà ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Bahia títí dòní. A gba òmìnira lọ́wọ́ wọn, a kò rí kéwú gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní 1952, Ṣéèkì Adam Abdullahi al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Pátákó ńlá, àga àti ìwé títẹ̀ wá gbilẹ̀ ní ilé kéwú. Ìlọsíwájú ni, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí a ra ìwé tuntun kò ní kí a fi wàláà bàbá wa dáná.

Kí ó yé wa dáadáa: a kì í jọ́sìn fún wàláà, a kò sì gbà pé igi lè ṣoore tàbí ṣe ibi. Irinṣẹ́ ìmọ̀ ni. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá wà nílé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ta ló ni ín, ọ̀dọ̀ ààfáà wo ló ti kéwú, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ wọ́límọ̀ ọmọ yín, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn tó kọ́ wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí kéwú parẹ́ nílé wa. Àmín.