Ẹyẹ kánárì pupa: Bí wọ́n ṣe wá àwọ̀ lọ sí Venezuela, tí ẹyẹ mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parun

Ẹni tó bá rí ẹyẹ kánárì tó pupa fòò nínú àgò lè rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló sọ ọ́ di pupa.

Kánárì inú igbó kò pupa rárá. Àwọn erékùṣù bíi Canary, tó wà nínú òkun létí ìwọ̀ oòrùn àríwá Áfíríkà, ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọ̀ ewé tó lú mọ́ ìyeyè ló wà lára rẹ̀.

Ọ̀rúndún 15 ni àwọn ará Spain gba erékùṣù Canary, wọ́n sì kó ẹyẹ náà lọ sí Yúróòpù nítorí orin rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sìn ín láti ìran dé ìran, àbùdá àwọn kan yí padà. Dúdú inú ìyẹ́ wọn ṣí, wọ́n sì di aláwọ̀ ìyeyè pátápátá. Irú wọn ni àwọn olùsìn ẹyẹ ń yàn láti fi bímọ.

Ṣùgbọ́n kò sí kánárì kankan tó bí ọmọ pupa.

Ta ni Hans Duncker?

Olùkọ́ ni Hans Duncker nílùú Bremen, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ó mọ iṣẹ́ tí Gregor Mendel tẹ̀ jáde lórí ẹ̀wà ní ọdún 1866, tó ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń jogún àwòmọ́ òbí rẹ̀.

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, òun àti Karl Reich, gbajúmọ̀ olùsìn kánárì nílùú náà, jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Èrò Duncker ni pé bí kánárì kò bá ní jíìnì pupa, kí wọ́n lọ yá a lọ́wọ́ ẹyẹ mìíràn.

Ẹyẹ náà ni red siskin, tí àwọn ará Venezuela ń pè ní cardenalito. Wọ́n mú akọ rẹ̀ gun abo kánárì, àwọn ọmọ wọn sì ní àwọ̀ bíi bàbà. Ọ̀pọ̀ abo inú wọn yàgàn, ṣùgbọ́n àwọn akọ kan lè bímọ. Àwọn akọ yìí ni wọ́n ń dá padà sọ́dọ̀ abo kánárì, ìran lẹ́yìn ìran.

Síbẹ̀, àwọ̀ ọsàn ni wọ́n rí. Pupa gidi kò yọjú.

Kí ló fa ìjákulẹ̀ náà?

Oúnjẹ ni. Ara ẹyẹ kò lè dá èròjà tó ń sọ ìyẹ́ di pupa ṣe fúnra rẹ̀. Inú ohun tó bá jẹ lára ewéko ló ti ń rí èròjà ìyeyè tí ara rẹ̀ yóò yí padà sí pupa.

Jíìnì dà bí alásè. Bí kò bá sí ata nílé, ọbẹ̀ kò ní pupa, bó ti wù kí alásè mọ iṣẹ́ tó.

Nígbà tí àwọn olùsìn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oúnjẹ bíi karọ́ọ̀tì, ni pupa gidi tó jáde.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí jíìnì náà, tí wọ́n ń pè ní CYP2J19. Jíìnì yìí kan náà ló ń sọ ẹnu zebra finch, ẹyẹ ilẹ̀ Australia, di pupa. Èyí tí jíìnì náà bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á di ìyeyè.

Láti orí ẹyẹ dórí ènìyàn

Duncker kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ẹyẹ. Ó wà lára àwọn tó gbà pé ó yẹ kí ìjọba máa ṣa ẹni tí yóò bímọ àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ bímọ. Ní ọdún 1933, ìjọba Hitler sọ irú èrò bẹ́ẹ̀ di òfin, wọ́n sì sọ nǹkan bíi 400,000 ènìyàn di ẹni tí kò lè bímọ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹyẹ tirẹ̀ gan-an ti fi hàn pé àbùdá nìkan kọ́ ló ń sọ ohun tí ẹ̀dá yóò dà.

Ẹyẹ tó san gbèsè

Ní Venezuela, àwọn tó ń dẹ pańpẹ́ kó cardenalito tà títí ó fi ṣọ̀wọ́n nínú igbó. Àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun. Ní ọdún 2000, wọ́n ṣàdédé rí àwọn kan ní gúúsù Guyana, àwọn kan lára olùsìn ẹyẹ sì ń bímọ fún un báyìí kó má baà parun.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Senegal, Mali àti Guinea wà lára àwọn tó ń kó ẹyẹ kéékèèké láti inú igbó ránṣẹ́ sí Yúróòpù, títí àjọ EU fi dá òwò náà dúró ní ọdún 2005 nítorí àìsàn ẹyẹ, tí wọ́n sì fòfin dè é pátápátá ní 2007.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ irú ẹyẹ yìí níbẹ̀ ní láti jẹ́ kí èyí tó wà nílé bímọ. Bí wọn kò bá pọ̀, tí ọmọ ìyá ń gun ọmọ ìyá, àwọ̀ tuntun lè jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìlera lè bá a wá.