Ohun tí Wọn Kò Wọ̀n ní Sùúrùlérè

Ní 1955, ìjọba pinnu láti wó ilé tó wà lórí ilẹ̀ tó tó éékà 70 ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní adúgbò náà há, ó sì dọ̀tí ju ohun tó yẹ olú-ìlú orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira lọ. Lagos Executive Development Board (LEDB) ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Láti 1928 ni wọ́n ti dá àjọ yìí sílẹ̀, nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa ará Èkó, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé àfi kí wọ́n wó ilé kí ara ìlú tó lè le. Sùúrùlérè ni wọ́n kọ́ ilé sí fún àwọn tí wọ́n ń kó kúrò.

Tó bá jẹ́ ilé là ń kà, ìlọsíwájú ni lóòótọ́. Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ, mi ò sì gbọ́ kí wọ́n bú ilé yẹn rí. Ọjà ló dùn wọ́n. Gààrí ni wọ́n ń tà lójúde ilé ọkọ wọn ní Erékùṣù. Òṣìṣẹ́ tó bá jáde lẹ́nu iṣẹ́ ní Marina á yà, á ra kóńgò kan; ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á gbà á láwìn, torí wọ́n mọ ilé ìyá rẹ̀. Wọ́n dé Sùúrùlérè, ojúde wà, èrò tó máa kọjá ni kò sí. Ará ilé kejì náà, gààrí ló ń tà! Ni wọ́n bá ń wọ bọ́ọ̀sì padà sí Èkó láràárọ̀, owó ọkọ̀ a sì ti jẹ èrè tán kí wọ́n tó tú àpò. Nínú ilé ẹbí tí wọ́n ti wá, ẹnikẹ́ni kì í gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Ní Sùúrùlérè, oṣooṣù ni wọ́n ń san án.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, ló jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ìwé. Ó wá sí Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ṣì wà ní Erékùṣù lẹ́nu wò, ó tún lọ bá àwọn tí wọ́n ti kó lọ. Ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, jáde ní 1961. Ohun tó ń wádìí ni iye tí ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, ohun tó ṣẹ́ kù nínú òwò wọn, àti bóyá wọ́n ṣì ń fojú kan ẹbí wọn. Ó rí i pé ìnáwó ti lé sí i, òwò ti dẹ́kun fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ọ̀nà ẹbí sì ti jìn. Mo ka ìwé yẹn sí ìwọ̀n tó péye jù tí ẹnikẹ́ni fi wọn Èkó láyé ìgbà náà.

Àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e kò fi ìwé náà ṣe nǹkan kan. Ní oṣù Keje 1990, lábẹ́ ológun, wọ́n wó Máròkó, adúgbò kan ní Èkó. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni kò nílé mọ́. Wọ́n rí ibi kó ìwọ̀nba díẹ̀ sí ní Ìlàsàn àti Ìkọ̀tá. Olówó ló ń gbé lórí ilẹ̀ Máròkó báyìí.

Lóde òní, wọ́n ti ń wọn ìlú: láti 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní àfojúsùn 17 fún ìdàgbàsókè, ìkọkànlá sì jẹ́ ti ìlú ńlá. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni iye èèyàn tí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì kò jìn ju mítà 500 lọ sí ilé wọn. Ó dára kí wọ́n wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ arúgbó mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá àgbà rí bọ́ọ̀sì wọ̀. Iye tí bọ́ọ̀sì ń gbà ló pa òwò wọn. Kí àwọn tó ń wọn ìlú fi owó ọkọ̀ kún un, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí olùgbé ń pa lóòjọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti Ìlàsàn, lọ́dọ̀ àwọn tó ti Máròkó wá.