Yíyí Akọ Padà sí Abo Nínú Orin Àtúnkọ

Ẹni tó bá fi èdè Yorùbá kọrin pé òun fẹ́ràn ẹnì kan lè kọ ọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ará ilé má mọ̀ bóyá ọkùnrin ni olólùfẹ́ náà tàbí obìnrin, nítorí "ó" kan náà là ń lò fún àwọn méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ láàyè: "he" ni ti ọkùnrin, "she" sì ni ti obìnrin. Nítorí náà, bí ọkùnrin bá fẹ́ tún orin obìnrin kọ lédè náà, ó di dandan kó pinnu bóyá yóò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ti bá a ni, tàbí yóò yí i padà.

Nígbà mìíràn, àyípadà náà kò ní wàhálà nínú. Nígbà tí Shaun Cassidy tún "Da Doo Ron Ron" kọ lọ́dún 1977, Bill tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ The Crystals kọrin nípa rẹ̀ lọ́dún 1963 di Jill, orin sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ti "House of the Rising Sun", orin àbáláyé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Clarence Ashley ti gbé e jáde lẹ́nu ọkùnrin lọ́dún 1933. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1937, nígbà tí Alan Lomax ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ Kentucky, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Georgia Turner ló kọ ọ́ fún un nílùú Middlesboro, ó sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdárò obìnrin tí ayé rẹ̀ bàjẹ́ nílé kan ní New Orleans. Ọkùnrin ni Bob Dylan, síbẹ̀ ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu obìnrin nínú àwo rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1962. Ẹgbẹ́ The Animals láti Newcastle ní tiwọn sọ ọ́ di ti ọmọkùnrin lọ́dún 1964, orin náà sì gba ipò kìíní ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ohun tó yẹ ní kíkíyèsí ni pé àyípadà náà kò dúró lórí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan. Ata-tẹ́tẹ́ tó jẹ́ olólùfẹ́ lẹ́nu Dylan di bàbá lẹ́nu The Animals. Ìtàn obìnrin tí ìfẹ́ kó bá wá di ìtàn ọmọ onítẹ́tẹ́.

Kì í ṣe gbogbo àyípadà ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ orin. Lọ́dún 1965, Otis Redding gbẹnu ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé sọ̀rọ̀ nínú "Respect". Aretha Franklin gbà á lọ́dún 1967, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, ó pe lẹ́tà àkọlé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì di obìnrin tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkùnrin ló kọ́kọ́ ni ín.

Àwa tí "ó" bò láṣìírí náà ní ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Bí ọkùnrin bá fẹ́ sun ẹkún ìyàwó lórí ìtàgé, kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò yí tí yóò fi di ẹkún ọkọ. Ọkọ kì í kúrò nílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àfi kó gbẹnu ìyàwó sọ̀rọ̀, kó sì máa bẹ ìyá àti bàbá fún ìre bí ọmọ tó ń lọ.