Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Ìtàn Ìwé tí a ń Kà fún Abiyamọ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nígbà tí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní tí àwọn aládùúgbò fi í kí i ni “Ẹ kú ewu ọmọ.” Bí a bá fara balẹ̀ wo ìkíni yìí, a ó rí i pé ìyá ni a ń kí. A kò tí ì yin ẹwà ọmọ, a kò tí ì béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Ewu tí ìyá là kọjá ni a kọ́kọ́ rántí. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ dájú pé ẹni tí ó bímọ ti dé ẹnu ọ̀nà ikú kí ó tó padà bọ̀. Nínú ìwé kékeré yìí, a fẹ́ tọ ipasẹ̀ àwọn ohun tí a ti kọ sílẹ̀ fún abiyamọ láti kà, tàbí tí a ti kà sí i létí, láti ìgbà tí ìwé ti dé ilẹ̀ Yorùbá títí di òní. A sì fẹ́ wádìí bóyá àwọn ìwé náà rántí ìyá gẹ́gẹ́ bí ìkíni wa ti rántí rẹ̀.

Kí ìwé tó dé, ẹnu àwọn àgbà obìnrin ni ìwé abiyamọ. Ìyá rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, àti àgbẹ̀bí ni olùkọ́ rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti ń kọ́ bí a ti í fi omi gbígbóná wẹ̀, bí a ti í gbé ọyàn fún ìkókó, oúnjẹ tí ó yẹ kí ó jẹ àti èyí tí kò yẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ogójì ọjọ́ ni a fi í dá a sí kúrò nínú làálàá oko àti ọjà. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a kò sì rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, sọ fún wa pé ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Ìkómọjáde ni a ń pe ọjọ́ náà, nítorí pé ìgbà náà ni ìyá àti ọmọ kọ́kọ́ ń yọ síta.

Ẹ̀kọ́ àtẹnudẹ́nu yìí ní ọlá púpọ̀, nítorí ó fún ìyá ní ìsinmi, kò sì jẹ́ kí ó dá wà. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ohun tí àgbà kò bá mọ̀, abiyamọ kò lè rí i kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe tí ìyá àgbà bá sì gbà gbọ́ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò jogún. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà rírọ ọmọ ṣe pẹ́ láàrin wa, tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe asẹ́, tí a ń da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí ìkókó lọ́fun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn ń sá lọ sí ọ̀nà èémí.

Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1846 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Ní 1850 ni ìtumọ̀ Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde. Ní 1875 ni a ṣe àpérò ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa sílẹ̀. Ní 1884 ni odindi Bíbélì sì parí. Pẹ̀lú àwọn ìwé wọ̀nyí ni a tún túmọ̀ Ìwé Àdúrà, nínú èyí tí ìsìn kúkúrú kan wà fún ìdúpẹ́ àwọn obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Kò sí òǹkàwé ìwé yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Sáàmù 116 tàbí 127 ni a ń kà níbẹ̀, àdúrà díẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Gbòǹgbò ìsìn náà jìn. Ìwé Léfítíkù orí 12 ka ogójì ọjọ́ fún ìyá ọmọkùnrin àti ọgọ́rin fún ìyá ọmọbìnrin; Lúùkù sì sọ bí Màríà ti gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Nínú Ìwé Àdúrà Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1549, ìwẹ̀nùmọ́ àwọn obìnrin ni a pe ìsìn yìí. Ṣùgbọ́n ní 1552 a yí orúkọ rẹ̀ padà, a sì pè é ní ìdúpẹ́. Ìyípadà yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tí a ní kí ó wá wẹ ara rẹ̀ mọ́ ni a wá ní kí ó wá dúpẹ́ pé ó yè.

Ohun kan sì wà nínú ìsìn náà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kò fiyè sí. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ Sáàmù 127 kúrò, ìyá nìkan ni ìsìn náà ń sọ nípa rẹ̀. Ọpẹ́ tí a ń dá ni pé Ọlọ́run yọ ọ́ nínú ìrora àti ewu ìbímọ. Ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ̀ ni pé kí ó lè gbé ìgbé ayé òtítọ́. Ewu! Ọ̀rọ̀ tí àwọn aládùúgbò fi kí i ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ó tún bá pàdé ní ilé Ọlọ́run. A gbà pé èyí wà lára ìdí tí ìsìn náà kò fi ṣe àjèjì sí àwọn ìyá wa.

Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí kíkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlùfáà ni ó ń kàwé, obìnrin a sì kúnlẹ̀ gbọ́. Ó di ìgbà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, irú èyí tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1869, àti ti Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní 1899, kí àwọn obìnrin tí ó lè fúnra wọn ṣí ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Síbẹ̀ ọmọ díẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí lè gbà. Àwọn ìyá ọlọ́jà wà níta. Nítorí tiwọn ni Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà láti ọdún 1944. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí ilé náà.

Lẹ́yìn èyí ni irú ìwé mìíràn dé, èyí tí kò ní ju ojú ewé kan lọ. Ní ọdún 1956, dókítà ọmọdé kan, David Morley, wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ṣí kílíníìkì fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Oṣooṣù ni wọ́n ń wọn ọmọ, tí wọ́n sì ń fi àmì sí orí káàdì tí ìlà ọ̀nà wà lára rẹ̀. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ìyá fura. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ewu dé. Wọn kò kó káàdì náà pamọ́ sí ilé ìwòsàn, ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi í sí, kí ó máa mú un lọ sílé. Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè ka ìlà tí ń gòkè. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì yẹ kí a máa fi í yangàn ju bí a ti ń ṣe lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ni ó ṣàǹfààní fún abiyamọ, ẹ̀yin olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ní ìgbà kan náà ni àwọn oníṣòwò wàrà alágolo ń fi àwòrán ọmọ tí ó sanra fa ojú ìyá mọ́ra. Obìnrin dókítà nì, Cicely Williams, ti kígbe lòdì sí irú òwò yìí ní Singapore láti ọdún 1939, nítorí ó rí bí àwọn ìkókó ti ń kú nípa wàrà tí a fi omi àìmọ́ lú. Ní 1981 ni àjọ ìlera àgbáyé ṣe òfin ìwà rere lórí títa àwọn ohun tí a fi ń rọ́pò ọmú. Ìwé tí ó bá fẹ́ ta ọjà fún abiyamọ, kí ó kọ́kọ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

A wí pé a ó padà sí ilé kan ní Abẹ́òkúta. Láti inú ilé náà ni Olikoye Ransome-Kuti ti jáde wá, tí ó di dókítà ọmọdé, tí ó sì jẹ́ mínísítà ìlera Nàìjíríà láti 1985 títí di 1992. Ní àkókò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, fífún ọmọ lọ́mú, àti omi iyọ̀-òun-ṣúgà fún ọmọ tí ń ṣu gbuuru wọ inú ilé àti abúlé. Ìyá kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé. Ọmọ fún wọn ní ohun tí wọn ó kà.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni a ti gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè wa. Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé, ti ọmọ ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti ọmọ ni. Àwọn ohun wọ̀nyí gba ẹ̀mí ọmọ là, a kò sì lè dúpẹ́ tó. Ta ni ó wá ń wọn ìyá? Àwọn àgbà wí pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Ta ni ó ń tatí sí ẹkún abiyamọ? Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, bí 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin kan gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ayé lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó kú lẹ́yìn tí ọmọ ti ké, tí àwọn ènìyàn sì ti ń yọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó dùn mọ́ wa pé ìwé tún ń padà sọ́dọ̀ ìyá. Ní 1987, àwọn oníṣègùn ní Scotland gbé ìwé ìbéèrè mẹ́wàá jáde, tí a ń pè ní Edinburgh Postnatal Depression Scale, tí ó ń bi ìyá nípa ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ méje sẹ́yìn: ǹjẹ́ ó ń rẹ́rìn-ín, ǹjẹ́ ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìnídìí, ǹjẹ́ ìbànújẹ́ ń gba oorun lójú rẹ̀? Àwọn oníṣègùn ti lò ó láàrin àwọn ìyá ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní 2022, àjọ ìlera àgbáyé tún là á sílẹ̀ pé, lẹ́yìn wákàtí 24 àkọ́kọ́, ó kéré tán kí a rí ìyá àti ọmọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: láàrin wákàtí 48 sí 72, láàrin ọjọ́ 7 sí 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ wò bí ọ̀sẹ̀ kẹfà yìí ti súnmọ́ ogójì ọjọ́ àwọn baba wa! Ṣùgbọ́n òfin tuntun kò ní kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ó ní kí a wá a wò.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi wá pé ìwé wo ni ó yẹ kí abiyamọ kà, èsì wa kò gùn. Ara rẹ̀ kò tí ì balẹ̀, oorun rẹ̀ kò pé. Kí ìwé náà kúrú, kí ó sì jẹ́ ní èdè tí ó fi ń ronú. Kí ó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ tí ń dà tí kò dáwọ́ dúró, ibà, ìsun tí ń rùn, orí fífọ́ kíkankíkan pẹ̀lú ojú ṣíṣú, gìrì, mímí tí kò já gaara, tàbí ẹsẹ̀ kan tí ó wú tí ó sì ń dunni, kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ó sọ fún un pé ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kì í ṣe àìdúpẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Bí ó bá fẹ́ Sáàmù 116, kí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí orin ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú ni.

Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n kà ńkọ́? Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà jókòó tì í, kí ó kà á sí i létí, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe láti ìgbà àwọn àgbà wa tí ó kọ́kọ́ gba ìwé. Kí ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ pẹ̀lú, nítorí àwọn ni yóò pe ọkọ̀ ní òru. Nígbà tí a bá ti ṣe èyí, a ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán ni a fi ń wí pé, Ẹ kú ewu ọmọ.