Bí Onígbá Bá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀

"Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a pè é." Igbá kò lẹ́nu. Ẹni tó ni ín ló ń jẹ́ kí ará ìta mọ̀ bóyá igbá oúnjẹ ọba ni, tàbí pàǹkàrá tí wọ́n fi ń kólẹ̀. Orí ọmọ ni wọ́n sábà máa ń pa òwe náà sí: ẹni tó bú ọmọ rẹ̀ lójú àlejò, kó má bínú bí àlejò bá bá a bú u. Ṣùgbọ́n ìlú pẹ̀lú ní onígbá tirẹ̀, ó sì ní ará ìta tó ń pè é lórúkọ tó wù ú.

Igbá fínfín wà lára iṣẹ́ tí wọ́n mọ Ọ̀yọ́ mọ́. Afíngbá á mú igbá tó ti gbẹ, tí wọ́n ti là, tí wọ́n sì ti họ inú rẹ̀ mọ́. Á fi ọ̀bẹ kékeré ẹlẹ́nu mímú fa ìlà yí i ká, á wá máa gé èèpo tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì kúrò. Ibi tí ọ̀bẹ bá kàn á wọlẹ̀, á sì funfun. Ibi tí kò kàn á yọ sókè pẹ̀lú àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí igbá ti ní tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aláǹgbá, ẹja, ẹyẹ àti ènìyàn ṣe ń jáde lára rẹ̀. Afíngbá kò lẹ nǹkan kan mọ́ igbá. Ohun tó gé sọnù ló jẹ́ kí èyí tó kù hàn.

Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ti lo òwe yìí rí. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, Aláàfin Àtìbà kó ìjókòó ọba wá sí Àgọ́-Ọ̀jà. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe ibẹ̀ ní ibùdó àwọn tí ogun lé. Àwọn onílé kọ́ ààfin, wọ́n dá oyè padà sípò, wọ́n ná ọjà Akẹ̀sán síwájú ọba, wọ́n sì pe ibùdó náà ní Ọ̀yọ́. Ayé bá wọn pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ kò ṣí kúrò níbi tó wà. Ogun tó ń ti Ìlọrin wá fọ́ ọ̀pọ̀ ìlú ní agbègbè náà, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́. Inú odi rẹ̀ ni àwọn tí ìlú wọn ti tú sá sí.

Ní oṣù Keje ọdún 1969, nígbà rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó orí, wọ́n pa ọba Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé Kejì. Ìlú tó gba aláìnílé mọ́ra di ìlú tí wọ́n ti pa ọba lójú ìwé ìròyìn. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bá Ọ̀yọ́ náà lóde òní. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, iná jó Akẹ̀sán, àwòrán rẹ̀ sì gba orí fóònù kan. Lẹ́yìn tí Aláàfin Lámídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní 2022, awuyewuye lórí ẹni tí yóò jọba ló gba ìròyìn ìlú náà, títí wọ́n fi fún Aláàfin Abímbọ́lá Ọ̀wọ́adé ní ọ̀pá àṣẹ ní 2025.

Ọ̀gbẹ́nàgi kan ní Èkìtì ti fi hàn bí onígbá ṣe lè sọ tẹnu rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ohun tó gbẹ́ sí i ni ọjọ́ tí òyìnbó ìjọba kan, Ambrose, wá kí ọba. Lápá kan, Ògògà jókòó tòun ti adé lórí. Lápá kejì, àwọn aláàárù gbé òyìnbó náà nínú ibùsùn ìgbérìn, ó ká jọ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á mọ ẹni tó jẹ́ onílé àti ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924. British Museum gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó dípò rẹ̀ fún Ògògà. Ní Òṣogbo, láti nǹkan bí 1960, Asíru Ọlátúndé, tó ti ṣe alágbẹ̀dẹ rí, bẹ̀rẹ̀ sí í lu bàbà àti alumíníọ̀mù kí ènìyàn, igi àti ẹran lè yọ lójú irin.

Kò sí ohun tó ní kí ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ má yọ lójú ògiri lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti le ni ibi tí ọ̀bẹ máa gbà. Bí àwọn oníṣẹ́ ọnà bá gé iná Akẹ̀sán dànù, tí wọ́n fi ọjà tuntun tí ìjọba tún kọ́ nìkan sílẹ̀, ìpolówó ìjọba ni wọ́n ṣe. Bí wọ́n bá fi odi Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn tó sá wọ inú rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò ṣì ní láti wá àyè fún ọdún 1969. Wọn yóò sì pinnu bóyá ikú ọba nìkan ló máa hàn níbẹ̀, tàbí àwọn àgbẹ̀ tí owó orí ti wọ̀ lọ́rùn pẹ̀lú.