Ìdàpọ̀ Àwọn Ìjọ Luther ní Amẹ́ríkà, láti 1872 títí dé 1967

Orúkọ David Hinderer kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ ìtàn ìjọ Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ C. A. Gollmer kò ṣe àjèjì sí àwọn ará Àgbádárìgì àti Èkó. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ń rántí pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Württemberg ní ilẹ̀ Jámánì ni a gbé bí wọn, níbi tí ìjọ Luther jẹ́ ìjọ ìlú. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Basel ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ C.M.S. gbà wọ́n, tí a sì fi wọ́n jẹ àlùfáà nínú ìjọ England. Lójú àwọn tí ó rán wọn sí wa, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìjọ Luther àti ìjọ England kò tó ohun tí ó yẹ kí ó dá iṣẹ́ Ìhìnrere dúró. Àwa tí a jẹ èso iṣẹ́ wọn kò ní ẹjọ́ kankan láti pè wọ́n sí.

Àwọn ará Jámánì mìíràn wà ní ìgbà kan náà tí wọn kò lè gba ọ̀nà yìí. Àwọn wọ̀nyí dì í mú pé, kí àwọn ìjọ méjì tó lè dá ọwọ́ wọn pọ̀ nínú iṣẹ́, ẹnu wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Ìtàn wọn ni a fẹ́ sọ nínú ìwé yìí, nítorí ó kan orílẹ̀-èdè wa níkẹyìn, àti nítorí pé ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni ó tún tú wọn ká.

Ní ọdún 1817, nígbà tí ó pé 300 ọdún tí Martin Luther bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀, ọba Frederick William Kẹta ti Prussia pàṣẹ pé kí ìjọ Luther àti ìjọ tí ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Calvin ní ilẹ̀ òun di ìjọ kan. Ọ̀pọ̀ gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ohun pàtàkì kan ń bẹ láàárín àwọn ìjọ méjì náà: ìjọ Luther ń kọ́ni pé ara àti ẹ̀jẹ̀ Olúwa wà nítòótọ́ nínú àkàrà àti wáìnì orí pẹpẹ; ẹ̀yà kejì kò kọ́ni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọba tún fi ìwé ìsìn kan náà lé gbogbo ìjọ lọ́wọ́, àwọn kan kọ̀ ọ́. A sọ àlùfáà sí ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù December 1834, a rán àwọn ọmọ-ogun lọ sí abúlé Hönigern láti fi agbára gba ilé Ọlọ́run lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ tí ó dúró yí i ká. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ìjọ ti ń dún bí ariwo ìbọn ní etí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ Luther. Ẹni tí kò bá fi èyí sí ọkàn yóò rò pé agídí lásán ni àwọn ọmọ wọn ń ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn mìíràn ṣí kúrò nílùú. Ní òpin ọdún 1838, ẹgbẹ́ kan láti Saxony wọ ọkọ̀ òkun márùn-ún lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ kan nínú márùn-ún náà sọnù sínú òkun pẹ̀lú gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ tẹ̀dó sí Missouri. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ olórí wọn, Martin Stephan, lóyè nítorí ìwà àìtọ́, ìdààmú sì bá wọn dé ibi pé wọ́n ń bèèrè bóyá ìjọ ṣì ni àwọn jẹ́. Ọ̀dọ́mọdé àlùfáà kan, C. F. W. Walther, ni ó fi Ìwé Mímọ́ àti àwọn ìwé Luther fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ní Altenburg ní 1841, pé níbi tí a bá ti ń wàásù Ọ̀rọ̀ náà tí a sì ń ṣe àwọn sákírámẹ́ńtì, níbẹ̀ ni ìjọ wà, ìbáà ní bíṣọ́ọ̀bù, ìbáà má ní. Ní 1847, ní ìlú Chicago, a dá Sínọ́dù Missouri sílẹ̀, a sì fi Walther ṣe olórí rẹ̀.

Àwọn mìíràn tí ó wá láti Jámánì dá Sínọ́dù Wisconsin sílẹ̀ ní 1850. Ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́n tí ó faramọ́ ìrẹ́pọ̀ ọba ni owó wọn àti àlùfáà wọn ti ń wá, nítorí náà àwọn ará Missouri kò fi ọkàn tán wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn wọn yí padà lábẹ́ olórí wọn, Johannes Bading, títí ó fi di pé ní 1868 wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò lè fara mọ́ ẹ̀kọ́ méjì lórí pẹpẹ kan. Ìrànlọ́wọ́ láti Jámánì dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí jẹ́ fún ìjọ àwọn àgbẹ̀ tálákà nínú igbó tuntun! Ní ọdún kan náà ni àwọn aṣojú wọn jókòó pẹ̀lú ti Missouri, tí wọ́n yẹ ẹ̀kọ́ ara wọn wò ní orí kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀kan ni wọ́n. Ní 1869 àwọn sínọ́dù méjèèjì fi ọwọ́ sí i.

Ní àkókò náà, ẹgbẹ́ ńlá mìíràn ti àwọn ìjọ Luther ti dìde ní 1867, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: ti ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún Kristi ní ayé, ti gbígba ọmọ ìjọ mìíràn sí orí pẹpẹ, ti gbígba àlùfáà ìjọ mìíràn sí orí àga ìwàásù, àti ti àwọn ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá mọ iye ọ̀rọ̀ tí a ti sọ nínú ìjọ tiwa nípa Ògbóni láti 1914 wá kò nílò àlàyé lórí ìkẹrin yìí. Ìdáhùn ẹgbẹ́ náà kò ṣe pàtó, Wisconsin sì kúrò nínú rẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe tí ó fi di pé ní oṣù July 1872, ní ilé Ọlọ́run St. John ní Milwaukee, sínọ́dù mẹ́fà para pọ̀: Missouri, Wisconsin, Ohio, Illinois, Minnesota, àti ti àwọn ará Norway. A lè pe ẹgbẹ́ náà ní Àpéjọ Àwọn Sínọ́dù. Walther ni a kọ́kọ́ fi ṣe olórí rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ Augsburg ti 1530 àti àwọn ìjẹ́wọ́ ìyókù tí a kó jọ sínú Ìwé Ìrẹ́pọ̀ ní 1580 ni ìpìlẹ̀ wọn. Àpéjọ náà kò ní àṣẹ láti paṣẹ fún sínọ́dù kan. Ìmọ̀ràn ni ó lè fúnni. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi ojú sí, pé sínọ́dù kan kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ ìjọ mìíràn so pọ̀ láìjẹ́ pé gbogbo àwọn ìyókù fi ọwọ́ sí i. Àwa tí a mọ ohun tí ilẹ̀ ẹbí jẹ́, ó yẹ kí òfin yìí yé wa ju bí ó ti yé àwọn aláwọ̀ funfun mìíràn lọ. Olúkúlùkù ni ó ń ro oko tirẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè mú àlejò wọ̀ ọ́ láìsọ fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ ni àlàáfíà náà fi wà láìní àbùkù. Àwọn ará Norway ti ń rán àwọn ọmọ wọn lọ kọ́ iṣẹ́ àlùfáà lọ́dọ̀ Walther ní St. Louis, àwọn ti Wisconsin náà sì ń lọ. Ní 1877, H. A. Preus, olórí àwọn ará Norway, gbé e kalẹ̀ níwájú Àpéjọ pé kí gbogbo wọn jùmọ̀ ṣe míṣọ́n láàárín àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú. A rán J. F. Doescher jáde, a sì dá ìjọ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Little Rock ní 1878.

Lẹ́yìn èyí ni ìjà dé. Walther ti kọ́ni nípa yíyàn tí Ọlọ́run yan àwọn tirẹ̀ sí ìyè, pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni ìdí rẹ̀. F. A. Schmidt dìde lòdì sí i ní 1880, ó ní Ọlọ́run yan ènìyàn nítorí ìgbàgbọ́ tí Ó ti rí tẹ́lẹ̀ pé yóò ní. Schmidt yìí ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Walther rí, ó sì ti bá a kọ́ni ní St. Louis kí ó tó lọ máa kọ́ni láàárín àwọn ará Norway. Sínọ́dù Ohio, tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ fi oyè dókítà dá Walther lọ́lá ní 1878, kúrò nínú Àpéjọ ní 1881. Àwọn ará Norway pín sí méjì láàárín ara wọn. Ní 1883 wọ́n jáde, kì í ṣe nítorí pé wọ́n ti kọ ẹ̀kọ́ Walther, bí kò ṣe pé wọ́n ń wá ọ̀nà láti pa ilé tiwọn mọ́. A kò lè ṣe aláìkáàánú wọn, nítorí ìrúbọ náà kò gbà wọ́n: ní 1887 ni bí ìdá mẹ́ta wọn jáde lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Láti inú ìjà yìí ni àṣà kan ti dìde tí ó ya ọ̀pọ̀ Kristẹni lẹ́nu. Láti 1903 títí dé 1906, àwọn àlùfáà láti ìhà méjèèjì tún ń pàdé láti jíròrò lórí ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n ṣí Bíbélì pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti Àpéjọ kò gbà kí a fi àdúrà àpapọ̀ ṣí ìpàdé náà. Lójú wọn, gbígbàdúrà pọ̀, wíwàásù lórí àga ìwàásù kan, àti jíjẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa pọ̀, ohun kan náà ni: ẹni tí ó bá ṣe ọ̀kan ti jẹ́wọ́ pé òun àti ẹnì kejì jẹ́ ọ̀kan. Ní tiwa, a rò pé ó ṣòro láti wá òtítọ́ Ọlọ́run láìjùmọ̀ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé wọ́n fi àdúrà ṣeré.

Nínú iṣẹ́ míṣọ́n ni Àpéjọ náà ti so èso tí ó dára jù lọ. Rosa Young, olùkọ́ obìnrin dúdú kan ní Rosebud ní Alabama, rí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà tí ó fẹ́ parẹ́ nítorí àìlówó. Ó kọ ìwé sí Booker T. Washington, òun ni ó sì sọ fún un pé kí ó kọ ìwé sí àwọn ìjọ Luther. A rán àlùfáà Nils Bakke sí i, láti 1916 ni ìjọ sì ti ń hù jáde káàkiri agbègbè náà. Lẹ́yìn èyí ni ìpè dé láti Nàìjíríà. Àwọn ará Ibesikpo, ní ẹ̀bá Uyo, ti rán ọmọ wọn Jonathan Udo Ekong lọ sí Amẹ́ríkà láti kẹ́kọ̀ọ́ kí ó sì wá ìjọ tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ìrìn àwọn àti Qua Iboe Mission kò wọ̀ mọ́. Ekong dé ilé-ẹ̀kọ́ Immanuel tí Àpéjọ dá sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ní Greensboro. Àpéjọ rán ènìyàn mẹ́ta wá wo ilẹ̀ náà. Ní 1936 Henry Nau, olórí ilé-ẹ̀kọ́ Immanuel fúnra rẹ̀, wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ekong padà sílé ní 1938, ó ti di àlùfáà. Kò sí sínọ́dù kan tí ó lè sọ pé tèmi nìkan ni iṣẹ́ Ibesikpo. Owó gbogbo wọn ni a fi ṣe é.

Ní ọdún 1938 yẹn gan-an ni ìdí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í mì ní Amẹ́ríkà. Missouri pinnu pé ìpìlẹ̀ ti wà fún ìdàpọ̀ pẹ̀lú ìjọ Luther mìíràn, èyí tí Ohio àtijọ́ ti wà nínú rẹ̀. Wisconsin kọminú. Àwọn kan náà tún wà láàárín àwọn ará Norway: ìyókù díẹ̀ tí ó kọ ìrẹ́pọ̀ gbogbo àwọn ará Norway ní 1917, tí wọ́n dúró lọ́tọ̀ ní 1918, tí wọ́n sì wọ Àpéjọ ní 1920. Àwọn náà kọminú. Ní 1944 Missouri sọ pé àdúrà tí a gbà pọ̀ ní àkókò kan yàtọ̀ sí ìdàpọ̀ àdúrà. Ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Síkáòtù sí ọwọ́ ìjọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti gbà pẹ̀lú kí àwọn àlùfáà rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìjọba láàárín àwọn ọmọ-ogun, èyí tí Wisconsin kò fẹ́. Ní 1945, àlùfáà àti olùkọ́ 44 nínú Missouri fi ọwọ́ sí ìwé kan tí ó bá ẹ̀mí líle tí wọ́n rí nínú sínọ́dù wọn wí.

Ẹni tí ó wà lóde lè sọ pé ohun kékeré ni ìwọ̀nyí. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ó sọ pé òun ti kọ Ìwé Ìrẹ́pọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú Wisconsin, ohun tí a ń jẹ́wọ́ lẹ́nu ni Missouri ń tú palẹ̀ nínú ìṣe. Lójú ọ̀pọ̀ ní Missouri, Wisconsin ń sọ òfin di ohun tí Ìhìnrere kò sọ. Ìdúróṣinṣin wọn lórí òfin 1872 ni kò jẹ́ kí wọ́n lè gbójú fò ó: ohun tí ọ̀kan bá ṣe, gbogbo wọn ni ó ṣe é. Sínọ́dù kékeré ti àwọn ará Norway dá ìdàpọ̀ dúró ní 1955, Wisconsin ní 1961. Àwọn méjèèjì kúrò ní 1963. Missouri àti àwọn ará Slovakia, tí wọ́n wọlé ní 1908, ni ó kù nínú ilé. Ní 1967 a tú Àpéjọ náà ká. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Missouri wọ ìdàpọ̀ tí ó ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́, ní 1981 ó sì tú u ká fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ kò bá ara mu.

Ní 1993 ni ẹgbẹ́ méjì dìde káàkiri ayé, ọ̀kan ní Oberwesel ní Jámánì, tí Wisconsin àti àwọn ará Norway ń bẹ nínú rẹ̀. Èkejì ní Antigua ní Guatemala, tí Missouri ń bẹ nínú rẹ̀. Ìjọ Luther ti Nàìjíríà, tí ó hù láti inú iṣẹ́ Ibesikpo tí olú-ilé rẹ̀ sì wà ní Obot Idim, wà nínú ti Missouri. Ìjọ Luther ti Kristi Ọba, ní Akwa Ibom kan náà, wà nínú ti Wisconsin. Ìwé Ìrẹ́pọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, wọn kì í sì í pàdé lórí pẹpẹ kan.